Lẹ́tà Tó Ń Parẹ́ Lára Aago Ọwọ́ Àtijọ́: Èwo Ló Ṣeé Dá Padà, Èwo Ni Kò Ṣeé Dá Padà?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sẹ́yìn aago ọwọ́ àtijọ́ bá ti ń ṣòro láti kà, ohun tí ẹni tó ni ín máa ń bi ẹni tó ń tún aago ṣe ni pé ṣé wọ́n lè dá a padà. Ìbéèrè náà kò lè ní ìdáhùn ẹyọ kan, nítorí pé ohun mẹ́rin tó yàtọ̀ síra pátápátá ni àwọn ènìyàn ń pè ní lẹ́tà tó parẹ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dà tí wọ́n kùn sínú lẹ́tà náà ló ti ṣí kúrò, tí lẹ́tà fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ó lè jẹ́ pé òógùn, eruku àti ìdọ̀tí ara ló dí i lójú. Ó lè jẹ́ pé irin tí wọ́n fín in sí ló ti jẹ títí kòtò rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ojú irin. Ó sì lè jẹ́ pé wọn kò fín in rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bí a ṣe ń tẹ ìwé. Ẹni tó bá fi àtúnṣe ọ̀kan ṣe èkejì yóò ba aago náà jẹ́. Ohun tí mo sì fẹ́ kí òǹkàwé mú dání jálẹ̀ àlàyé yìí ni pé irin tó bá ti jẹ kì í padà wá: ọ̀dà ṣeé dá padà, ìdọ̀tí ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí irin rẹ̀ ti lọ, tuntun ni ẹnikẹ́ni yóò fín sí ojú ibi tó wà, bó ti wù kí ọwọ́ onítọ̀hún mọ́ tó.

Kí a tó dé ibi àtúnṣe, ó yẹ kí a mọ bí lẹ́tà ṣe ń dé ara aago. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí oníṣẹ́ ọwọ́ mú irinṣẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n pọ́n dáadáa, kí ó máa tì í lọ lójú irin, kí irin náà sì máa jáde ní fọ́nrán tín-ín-rín níwájú rẹ̀, bí àwọn onígbá fínfín ní Ọ̀yọ́ ṣe máa ń fi ọ̀bẹ ṣí ojú igbá títí ọ̀nà ara rẹ̀ yóò fi yọ. Bí a bá lè wo kòtò tí irinṣẹ́ náà fi sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó rí bíi lẹ́tà V: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì mú. Níbi tí oníṣẹ́ bá ti tẹ irinṣẹ́ mọ́lẹ̀, ìlà á fẹ̀; níbi tí ó bá ti gbé e fẹ́rẹ́, ìlà á tín-ín-rín. Ohun tó ń fún lẹ́tà ọwọ́ ní ẹwà nìyẹn, òun náà ló sì ń pa á lára. Bí ojú irin bá ṣe ń jẹ wálẹ̀, ẹnu kòtò tó rí bíi V á máa dín kù, àwọn ìlà tín-ín-rín á kọ́kọ́ lọ pátápátá, àwọn ìlà fífẹ̀ á sì ṣẹ́kù bí ìlà tín-ín-rín. Nítorí náà, orúkọ tó ti jẹ kì í ṣá lọ bákan náà láti òkè dé ilẹ̀. Egungun rẹ̀ ló máa ń ṣẹ́kù, tí ohun tó so wọ́n pọ̀ á ti lọ.

Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní pantograph, tó ní apá méjì: apá kan ń tọ ojú lẹ́tà ńlá tí wọ́n ti gé sórí àwo, apá kejì sì ń fín irú rẹ̀ kékeré sí ara irin. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń gún régé, ìlà rẹ̀ kì í fẹ̀ níhìn-ín kí ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Ní ti àwọn àmì àti nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń fi sí ara aago, òǹtẹ̀ ni wọ́n lò fún púpọ̀ nínú wọn láyé àtijọ́: wọ́n á fi irin líle tí lẹ́tà wà lẹ́nu rẹ̀ lu irin ara aago. Òǹtẹ̀ kì í gé irin jáde. Ṣe ni ó ń tì í wọlé, tí irin tó wà lábẹ́ lẹ́tà náà á sì fún pọ̀. A ó tún bá ìyàtọ̀ yìí pàdé níwájú. Iṣẹ́ léésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ alágbára tó ń jó ojú irin, ló wọ́pọ̀ lára aago òde òní, èyí kò sì kan ọ̀rọ̀ wa àfi bí ẹnìkan bá fẹ́ fi léésà dá ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà, nítorí pé ojú tó bá mọ̀ ọ́n á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ìlà rẹ̀ ń rí bí ohun tí iná jó, kò sì ní ìdán tí ẹnu irinṣẹ́ ọwọ́ máa ń fi sílẹ̀ nínú kòtò.

Aago Omega Speedmaster fi ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà fínfín àti èyí tí kì í ṣe fínfín hàn kedere. Nígbà tí Omega gbé e jáde ní Switzerland ní ọdún 1957, pẹ̀lú nọ́ńbà CK2915, irin ni òrùka tó yí gíláàsì rẹ̀ ká. Wọ́n fín àwọn nọ́ńbà tí a fi ń ṣírò eré sí ara irin náà, wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kún inú wọn. Ní ọdún 1959 ni CK2998 dé, wọ́n sì ti fi àwo aluminíọ̀mù dúdú pẹlẹbẹ lé orí òrùka tirẹ̀. Àwọ̀ dúdú ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn. Ó wà nínú awọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi iná mànàmáná dá sí ojú aluminíọ̀mù náà, àwọn nọ́ńbà sì jẹ́ ibi tí dúdú yẹn kò dé. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ohun kan náà ni méjèèjì: nọ́ńbà lórí òrùka. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà bá ṣí kúrò lára CK2915, kòtò rẹ̀ ṣì wà, a sì lè kùn ún. Bí oòrùn bá pa àwọ̀ CK2998 dà tàbí tí nǹkan bá ha á, kò sí kòtò kankan tí ọ̀dà yóò wọ̀, gbogbo ohun tí búrọ́ọ̀ṣì bá sì ṣe níbẹ̀ jẹ́ ìbàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ń ṣa aago àtijọ́ jọ a máa wá àwo aluminíọ̀mù tí oòrùn ti sọ di aláwọ̀ eérú lójú méjèèjì. Irú ti CK2915 náà ni òrùka irin àwọn Rolex Daytona àkọ́kọ́ tó jáde ní 1963: nọ́ńbà fínfín, ọ̀dà dúdú nínú rẹ̀.

Bí a ṣe lè mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí aago tó wà lọ́wọ́ ẹni kò gba ju tọ́ọ̀ṣì kékeré kan àti awò amúǹkan-tóbi onílọ̀ọ́po mẹ́wàá lọ. Kí a pa iná yàrá, kí a gbé aago kalẹ̀, kí a sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá lọ lójú irin. Lẹ́tà tí a kò rí lábẹ́ iná òkè á yọ jáde, nítorí pé etí kòtò kọ̀ọ̀kan á ju òjìji tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà R kan, kí ẹ wò ó dáadáa lábẹ́ awò. Bí ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewéko tí kò dán bá kún inú rẹ̀ dé etí, ìdọ̀tí ni. Bí inú rẹ̀ bá mọ́, tí ègé ọ̀dà kéékèèké sì ṣẹ́kù sí ibi tí ẹsẹ̀ R ti pàdé ikùn rẹ̀, ọ̀dà ló ṣí. Igun bẹ́ẹ̀ ló máa ń di ọ̀dà mú gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí etí kòtò kò bá mú mọ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọ inú lẹ́tà láìsí òjìji gidi, tí ẹsẹ̀ R sì ti gé kúrò lára ikùn rẹ̀, irin ló ti jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án, kí a kọ́kọ́ tọ́jú ohun tó wà níbẹ̀. Àwòrán fóònù tí a yà pẹ̀lú iná ẹ̀gbẹ́ dára, àmọ́ ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́ fínfín tún dára jù ú lọ: kí a fi ìka fọwọ́ ra pọ́dà funfun sínú àwọn kòtò, kí a nu ti òde kúrò, kí a wá fi sẹ́lótéèpù tẹ̀ ẹ́, kí a sì ká a kúrò kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé dúdú. Pọ́dà tó wà nínú kòtò á bá a jáde, ọ̀rọ̀ náà á sì dúró sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ìwé yìí ni oníṣẹ́ yóò máa wò bí ó bá di pé wọ́n ní láti fín in padà. Láìsí i, oníṣẹ́ á kàn máa méfò ni.

Ìfọ̀ ló kàn, ó sì yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń parí sí ìdí ìfọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí wọ́n yọ ẹ̀rọ inú aago náà jáde pátápátá, nítorí pé omi kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ àti igi ìtayín tó ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ nílé. Àwọn oníṣẹ́ ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ gbọn ìdọ̀tí jáde nínú omi. Má ṣe lo abẹ́rẹ́, nítorí ó lè ha irin, kí ìlà rẹ̀ sì di ara lẹ́tà. Má ṣe lo blíìṣì, nítorí kúlóráìdì inú rẹ̀ a máa lu ihò kéékèèké sára irin tí wọ́n ń sọ pé kì í dípẹtà. Má sì ṣe lo ọṣẹ ìfọyín, bó ti wù kí àwọn ènìyàn yìn ín tó. Ohun tó ń ha nǹkan wà nínú rẹ̀, etí lẹ́tà tí a fẹ́ dá sí ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà ló ṣí, iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, ó sì gba sùúrù. Ọ̀dà olóròóró tó nípọn ni wọ́n ń lò, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ìṣeré fi ń kun iṣẹ́ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi sípírítì tó lágbára nu inú kòtò kí òróró ọwọ́ má bàa wà níbẹ̀, wọ́n á wá fi ẹnu igi ìtayín gbé ọ̀dà sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kún kọjá etí díẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni ìnùkúrò. Bí a bá fi aṣọ rírọ̀ tàbí òwú nu ti òde, aṣọ náà á tẹ̀ wọnú kòtò, á sì fa ọ̀dà jáde pẹ̀lú. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni páálí líle tí etí rẹ̀ gún, tí wọ́n fi tínà rin díẹ̀, tí wọ́n sì ń fà kọjá ojú irin ní ọ̀nà kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gan ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ. Páálí náà á gun orí kòtò kọjá, ti òde nìkan ni yóò kó. Lẹ́yìn náà, kí aago náà sinmi di ọjọ́ kejì, ó kéré tán. Bí iṣẹ́ náà kò bá dára, tínà á fọ̀ ọ́ kúrò, irin kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nínú gbogbo àtúnṣe tó wà nínú àlàyé yìí, kíkùn nìkan ni ènìyàn lè ṣe kí ó sì tú u palẹ̀ láìsí àdánù, ìdí nìyẹn tí n kò fi bẹ̀rù kí ẹni tó fara balẹ̀ dán an wò fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irin tó jẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ara àti aṣọ ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pólíìṣì ló ń pa lẹ́tà jù. Táyà ẹ̀rọ náà rọ̀, nítorí náà kì í gun orí lẹ́tà kọjá. Ṣe ni ó ń rọra rì sínú kòtò tí ó sì ń bó etí rẹ̀. Aago tó bá ti gba ọwọ́ alátúnṣe mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí ó dán bíi tuntun kí ó tó dá a padà fún olówó rẹ̀ lè pàdánù ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò lè jẹ láàárín 50 ọdún.

Bí wọ́n bá fẹ́ fín in padà, ohun tí aago náà jẹ́ ló máa pinnu. Ẹ̀yìn aago tó jẹ́ wúrà gidi rọ̀, oníṣẹ́ sì lè jin ìlà àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ àwọn ẹ̀yìn wúrà kan fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí títẹ̀ irinṣẹ́ lè mú kí inú wọn wú. Èyí tí wọ́n kàn fi wúrà bò lójú kò gbọ́dọ̀ gba irinṣẹ́ mọ́ rárá. Ẹ wò ó: ìbòrí wúrà tí wọ́n kọ "20 microns" sí lára nípọn tó ìdá kan nínú 50 mìlímítà péré, irinṣẹ́ á ti la á kọjá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, idẹ tó wà lábẹ́ á yọ, òógùn á sì sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Irin tí kì í dípẹtà le, bí a bá sì ṣe ń gé e ló ń le sí i, nítorí náà irinṣẹ́ tí wọ́n fi tungsten carbide, ohun kan tó le ju irin lọ, ṣe ni àwọn oníṣẹ́ ń lò fún un lábẹ́ awò ńlá. Níbi tí ojú irin bá ti wọ́ jù, àwọn kan á fi léésà yọ́ fọ́nrán irin irú kan náà sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á wá fín ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì lè dára lójú. Àmọ́ ìyókù lẹ́tà àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti lọ títí láé. Bí pólíìṣì kankan bá sì wà láti ṣe, kí ó ṣáájú fífín, kí ọ̀dà sì kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan ti gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá máa ń fi ásíìdì mú nọ́ńbà tí ọ̀daràn ti fi fáìlì ha kúrò lára ìbọn jáde, wọ́n wá ń béèrè pé kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún aago. Òótọ́ ni pé àwọn ọlọ́pàá ń ṣe é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òǹtẹ̀ àti irinṣẹ́ fínfín ló fà á: irin tí òǹtẹ̀ ti fún pọ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kì í dọ́gba pẹ̀lú irin tó yí i ká, àní lẹ́yìn tí nọ́ńbà náà ti lọ, ásíìdì a sì máa jẹ ẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ títí òjìji nọ́ńbà náà yóò fi yọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n gé jáde kì í fún irin abẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ọlọ́pàá ń wá ni kí wọ́n ka nọ́ńbà náà kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Ojú irin tí ásíìdì ti jẹ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ rí lára aago bàbá rẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí a fín padà bó ti wù kí wọ́n ti jẹ tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Rolex ń fín nọ́ńbà ìdánimọ̀ aago sí àárín etí méjèèjì tí ẹ̀wọ̀n ń so mọ́, ẹ̀wọ̀n náà sì máa ń ha á títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé kà. Nọ́ńbà tó ti ṣá tí ó sì jẹ́ ti àtètèkọ́ṣe dára fún ẹni tó fẹ́ ta aago ju nọ́ńbà tó mú kedere tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín lọ, nítorí pé ìbéèrè tí oníbàárà yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé kí ni wọ́n ń fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn aago ológun Gẹ̀ẹ́sì, bíi Smiths W10 tí wọ́n ṣe ní Cheltenham láàárín 1967 sí 1970, tí àmì ọfà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti 6645, nọ́ńbà tí àwọn ológun fi ń to aago sínú ìwé ẹrù wọn, wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ra irú aago bẹ́ẹ̀ ń ka ojú ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìwé ẹ̀rí. Ní ti àmì ìjẹ́rìí wúrà tí àwọn ilé àyẹ̀wò ní London, Birmingham, Sheffield àti Edinburgh ń lù sí ara wúrà, òfin ló wà níbẹ̀: Hallmarking Act ti ọdún 1973 sọ yíyí irú àmì bẹ́ẹ̀ padà láìgba àṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun "mú àmì náà jáde díẹ̀" lè máà mọ̀ pé ohun tí òun ń bẹ̀ wọ́n sí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tàbí ẹbí fín sẹ́yìn aago nígbà tí wọ́n fi ta ènìyàn lọ́rẹ yàtọ̀ díẹ̀, torí pé olówó aago ló ni ín. Aago tí wọ́n fi yẹ́ òṣìṣẹ́ sí nígbà tó fẹ̀yìntì kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ ẹni náà àti ọdún tó lò lẹ́nu iṣẹ́ ló sì sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá ṣì lè kà á pẹ̀lú iná ẹ̀gbẹ́, èrò tèmi ni pé kí a fi í sílẹ̀. Bí ẹbí bá tẹnu mọ́ ọn pé àwọn fẹ́ ẹ padà, kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ fín gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí àwo idẹ pẹlẹbẹ kan, kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé sẹ́lótéèpù, kí a sì wò ó bóyá ìrísí ọwọ́ ti àkọ́kọ́ ló jọ. Kí ó má sì ṣe tún àkọtọ́ kankan ṣe. Àwọn tó fín aago láyé ọjọ́un kì í sábà fi ààmì sórí orúkọ wa tàbí sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fín "Ojo", kí ó wà bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ ọ́ di "Òjó" lórí irin tí wọ́n fín ní 60 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀nà mìíràn, tí mo fẹ́ràn jù, ni kí wọ́n wá ẹ̀yìn mìíràn tó bá aago náà mu, kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ náà sí ìyẹn fún wíwọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ti àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án.

Lẹ́tà tó wà lójú aago, lábẹ́ gíláàsì, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ohun tí wọ́n fi rọ́bà tẹ̀ sórí, kì í ṣe fínfín, oníṣẹ́ ojú aago nìkan ló sì yẹ kí ó kàn án. Ojú aago Patek Philippe kan láàárín ọ̀rúndún tó kọjá yàtọ̀ sí èyí: wọ́n fín orúkọ sí i, wọ́n rọ ìyẹ̀fun gíláàsì dúdú sínú kòtò rẹ̀, wọ́n sì yọ́ ọ nínú iná, tó fi jẹ́ pé irú rẹ̀ lè gba ìfọ̀ ṣùgbọ́n kò lè gba pólíìṣì. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ṣí ojú aago àtijọ́ tó ń tàn lókùnkùn nílé, nítorí pé rádíọ́ọ̀mù, ohun tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, ni wọ́n fi kun ọ̀pọ̀ nínú wọn kí àwọn ọdún 1960 tó dé, eruku rẹ̀ sì léwu fún ẹni tó bá fà á símú.

Bí a bá ń gbé aago lọ sọ́dọ̀ alátúnṣe fún ohunkóhun, kódà fún ìpààrọ̀ gíláàsì lásán, kí a kọ ọ́ sínú ìwé fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi pólíìṣì kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì fín lẹ́tà kankan padà, kí a gba ìwé tó sọ lẹ́tà tí wọ́n fín, ọjọ́ tí wọ́n fín in àti fọ́tò bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, kí a sì fi í sínú àpótí aago náà fún ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn wa.